Pákó Ìgbèrí Bẹ́ẹ̀dì Tí Aṣọ Rẹ̀ Ṣeé Tú Fọ̀

Ẹ gbé ìrọ̀rí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú ilé náà, àfàìmọ̀ kí ẹ má rí ibi tó ti dúdú: ìpara irun ni, òógùn ni, ọ̀dà sì ti ń hó kúrò. Onílé yóò rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó jáde. Ìdí nìyẹn tí pákó ìgbèrí, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní hẹ́ẹ̀dìbọ́ọ̀dù, kì í fi í ṣe ohun afẹ́ lásán. Èyí tí a fi fóòmù àti aṣọ bò tún máa ń tu ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lóru lára.

Owó gọbọi ni wọ́n ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, pákó, fóòmù àti aṣọ náà ni. Odidi púláíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀dì yín bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4½, tàbí 6 pàápàá, ẹ lè rí pákó ìgbèrí méjì gé nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ̀yin àti aládùúgbò yín lè dáwó jọ rà á. Èyí tó nípọn tó ìdajì ínǹṣì ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n sì fi ayùn gé e fún yín níbẹ̀ kó lè wọ ọkọ̀.

Fóòmù tó nípọn tó ínǹṣì 1 sí 2 ti tó. Fóòmù àtijọ́ tó ti tẹ́ láàárín ṣì máa ń dára lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀bẹ mímú ni ẹ ó fi là á. Èyí tó bá ń rún bí àkàrà gbígbẹ, ẹ jù ú nù. Bí ìdun bá sì ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ má ṣe lò ó, kódà bí ẹ ti sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láàárín ni yóò mú un mọ́ pákó. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà náà, kí àwọn ọmọdé sì jáde.

Aṣọ ló gba ìrònú. Ìbáà jẹ́ Kantin Kwari ní Kánò tàbí Balógun l'Ékòó ni ẹ ti ra àńkárá, kì í sábà fẹ̀ ju ínǹṣì 45 tàbí 46 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni pákó bẹ́ẹ̀dì 4½ fẹ̀ tó ínǹṣì 54. Ńṣe ni ẹ ó tẹ́ aṣọ náà ní ìbú. Yáàdì 2 yóò tó. Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán ara rẹ̀ o: bí ó bá jẹ́ ẹyẹ tó dúró, gbogbo wọn ni yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ fi áńkáṣífù funfun tó tutù nù ún. Bí aró bá ràn án, yóò ràn ìrọ̀rí yín náà. Aṣọ òkè lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rán aṣọ mìíràn sí abẹ́ rẹ̀ kí ojú ìrán má baà já.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní aṣọ ìyá wọn tó ti lọ nínú àpótí. Bí ìyẹn bá wà lọ́kàn yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín. Aṣọ ìyá kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ibi tí ọ̀nà èmi àti ti àwọn tó ń ṣe àga ti yà nìyí. Ìṣó ni wọ́n máa ń fi kan aṣọ mọ́ ẹ̀yìn pákó. Ó máa ń le dáadáa, ó sì wuyì, ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ṣe fọ eruku ọyẹ́ kúrò? Ìdun náà fẹ́ràn ojú ìrán àti ẹ̀yìn pákó tó sún mọ́ ibi tí èèyàn ń sùn. Bí ẹ kò bá lè tú aṣọ náà, ẹ kò ní rí i títí yóò fi pọ̀. Aṣọ tí a bá sì ti fi ìṣó lu etí rẹ̀ yíká kò lè padà sínú àpótí mọ́.

Nítorí náà, ẹ fi sìkúrù de ẹsẹ̀ igi méjì mọ́ ẹ̀yìn pákó. Ẹ gé aṣọ kó lè ká ínǹṣì 4 tàbí 5 wọ ẹ̀yìn yíká. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ rán bí ojú okùn ṣòkòtò, kí ẹ la ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò ti jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì rán ojú ibẹ̀ kó má baà tú. Ẹ ki okùn tó lágbára bọ inú rẹ̀. Bí ó bá dé ibi ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba orí ẹsẹ̀ náà kọjá, kó tún wọlé ní òdìkejì. Ẹ dà á bo fóòmù, kí ẹ fa okùn náà dáadáa, kí ẹ so ó. Bí ó bá rọ̀ láàárín, ẹ fi okùn méjì mìíràn so etí òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ní pákó ìlọṣọ nílé ti mọ irú ìdì yìí.

Ẹ kò nílò láti lu ògiri onílé. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nílẹ̀, kí ẹ fi bẹ́ẹ̀dì tì í mọ́ ògiri. Kí ìsàlẹ̀ pákó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ojú fóòmù bẹ́ẹ̀dì lọ, kí ìrọ̀rí má baà já sẹ́yìn. Fóòmù àti aṣọ máa ń tètè gbaná, nítorí náà ẹ gbé àbẹ́là àti kọ́ìlì ẹ̀fọn jìnnà sí i.