Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́

Bí abiyamọ bá pàdánù ọmọ tuntun, tí òun fúnra rẹ̀ sì yè, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà fi ń ṣìpẹ̀ fún un: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn kò sọ pé ohun tó lọ kéré. Ẹni tó bá ti pọnmi láti odò tó jìnnà rí mọ ohun tí omi agbè kan jẹ́, ó sì mọ bí ó ti ń dunni tó kí omi ọ̀hún dà sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kéèyàn délé. Ohun tí òwe yìí ń ṣe ni pé ó ya ohun méjì tí ìbànújẹ́ ti fẹ́ pò pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tó lọ, àti ohun tó gbà á sínú. Èyí tó lọ ṣeé tún pọn. Èyí tó gbà á sínú, bó bá fọ́, bí odò kún dẹ́nu, kò sí ohun tí a ó fi bù ú.

Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń rìn nínú Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ fún ewéko àti ẹranko, ní àfonífojì tí odò Ògùnpa gbà kọjá, níbi tí wọ́n ti sé omi tó fi di adágún. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òjò rọ̀ títí tí Ògùnpa fi kọ ojú odò rẹ̀ sílẹ̀ tó wọ ìgboro. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn. Àwọn tó bá a lọ lé ní 200. Nínú ọgbà Agodi, omi náà gbé ọ̀pọ̀ ẹranko lọ, ọgbà sì dahoro.

N kò jẹ́ pa òwe yìí fún ìdílé tí odò gbé ìyá wọn lọ lọ́jọ́ yẹn. Ní tiwọn, agbè ló fọ́, òwe yóò sì dákẹ́ níbẹ̀. Ọgbà nìkan ni mo ń pa á fún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ibẹ̀ fi wà láìsí ẹni tó bìkítà fún un, kó tó di pé ìjọba gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi tún un ṣe láàárín ọdún 2012 sí 2014. Wọ́n tún kó ẹranko díẹ̀ wá, wọ́n ṣe odò ìwẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n ṣe ibi tí ìdílé lè tẹ́ ẹní sí kí wọ́n jókòó. Kí ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe? Ilẹ̀ náà ṣì wà ni. Nǹkan bí éékà 150 ni, láàárín ìlú tí ilẹ̀ ti gbówó lórí, nítòsí Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ níbi tí gbogbo olówó ń fẹ́ ilé sí. Ká ní wọ́n ti gé e tà ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì ní 1985 ni, gómìnà tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn ọgbà tó, kò ní rí ibi tí yóò tún un ṣe sí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ẹranko inú àgò, odò ìwẹ̀ àti ohun ìṣeré, omi inú agbè ni gbogbo wọn. Wọ́n dára. Àwọn ni wọ́n ń mú ọmọdé fa aṣọ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀, igi, àti etí odò ni agbè, àwọn wọ̀nyí ni ojú kì í sì í tètè rí. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò pẹ̀lú ewé jíjẹrà. Síbẹ̀, ewé jíjẹrà abẹ́ igi yẹn ló ń mu òjò bí kànìnkànìn. Gbòǹgbò ń di bèbè odò mú, adágún ń dá omi dúró díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìgboro. Ìbàdàn jẹ́ ìlú òkè. Òjò tó bọ́ sórí páànù kan bọ́ sórí òmíràn, ó bọ́ sórí kọnkéré, ó bọ́ sínú gọ́tà, kò sì síbi tó ti rí ilẹ̀ wọ̀ títí tí yóò fi débi tí odò wà. Nígbà tí omíyalé tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ilé tó wà létí odò àti pàǹtí tó dí abẹ́ afárá wà lára ohun tó sọ ọ́ di àjálù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fún Agodi kò pọ̀, kò sì wọ́n. Kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí adágún náà ká pátápátá, kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi kan lè rìn yí po kó tún padà débẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹsẹ̀ kan ọ̀nà ọkọ̀. Kí wọ́n má da kọnkéré sí i. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ń jẹ́ kí òjò wọlẹ̀. Kọnkéré ń lé e lọ sísàlẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ Agodi sì ni ọjà Ògùnpa wà. Kí àga gbọọrọ wà ní ẹsẹ̀ mélòó kan sí ara wọn, nítorí àwọn àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ni dókítà ti sọ fún pé kí wọ́n máa rìn láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, etí títì ni wọ́n sì ń rìn, tí ọ̀kadà àti takisí máíkírà ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá ṣílẹ̀kùn ọgbà fún wọn láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, láìgba kọ́bọ̀, kí ni yóò dín? Oníwẹ̀ àti onífàájì kì í tíì dé lákòókò yẹn.

Kí orúkọ igi wà lára igi: àràbà, ìrókò, afàrà, àyùnrẹ́, èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀, ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́. Kí etí omi náà padà di ti ògùrọ̀ àti oparun. Igbó tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, fi sílẹ̀ ní àríwá ìlú kan náà, láti 1967 kan náà, ti fi hàn wá ohun tí ilẹ̀ ń ṣe bí a kò bá dà á láàmú. Ó wà lára ibi díẹ̀ tí a ti ń rí irú ẹ̀gà kan tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Mélòó nínú àwa ọmọ Ìbàdàn ló ti gbọ́ nípa rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni pé ọgbà parí, odò kò parí. Ògùnpa jáde kúrò ní Agodi, ó sì di ohun tí a ń da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí. Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́ kí ará ìta tó fi kólẹ̀, àwa la sì kọ́kọ́ sọ Ògùnpa di gọ́tà, lẹ́nu wa àti lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn 1980, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà ní ọ̀pọ̀ ibi kí omi lè tètè kọjá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà tí èèyàn lè máa gbà rìn. Ní ìlú Seoul ní Kòríà, wọ́n bo odò Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀nà mọ́tò olókè lé e lórí. Láàárín 2003 sí 2005, wọ́n wó gbogbo rẹ̀, wọ́n tú odò sílẹ̀, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sétí rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́fà. Ẹ̀rọ ni wọ́n tún fi ń fa omi sínú tiwọn. Ògùnpa ní omi tirẹ̀. N kò ní kí Ìbàdàn náwó bíi ti Kòríà. Ó tó kí á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ọgbà, kí á na àwọ̀n irin sábẹ́ àwọn afárá láti máa gba pàǹtí, kí á máa kó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí á gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa gùn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọọdún.

Ohun kan wà tí kò yẹ kó dúró de owó. Kò yẹ kí ọmọ tó ń rìn létí Ògùnpa lónìí má mọ ibi tí omi dé ní 1980. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, wọ́n sì ń lọ. Kí á pè wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí á bá wọn rìn létí odò, kí wọ́n nawọ́ sí ara ògiri tí omi kàn, kí á sì ri òpó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìlà pupa àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wá gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, kí ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé kọ́kọ́ mú un débi òpó náà kó fojú ara rẹ̀ rí i.