Ta Ló Mọ̀, Ìgbà Wo Ló sì Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ìtàn Amí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kì í bá mi lára mu. Wọn a ní àwọn fẹ́ràn ìwé amí àti ìwé ọ̀daràn, ìyẹn ìwé tí ènìyàn ń kà tí ilẹ̀ fi ń mọ́ bá a lórí àga. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ti kà rí lédè Yorùbá, ẹ̀rín ni wọn a fi dá mi lóhùn. Lójú tiwọn, òwe, oríkì àti ìtàn ìwáṣẹ̀ ni a dá Yorùbá fún. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tèmi, ti ro ìtàn ìpànìyàn kan jọ sọ́kàn. Òkìtìpupa ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́ fi kọ ọ́, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, “Sà, bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ̀rù ò ní ba ẹnikẹ́ni.”

N kò gbà bẹ́ẹ̀, àlàyé ìdí tí n kò fi gbà á ni mo sì fẹ́ ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó ń mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ di àkàìgbédìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ àti ìbọn ni. Àwọn mìíràn ní ìparí tí a kò mọ̀ ni. Ẹ wo The Day of the Jackal tí Frederick Forsyth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1971. Ìtàn apànìyàn kan tí wọ́n háyà láti yìnbọn pa Charles de Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó pa de Gaulle: ilé ara rẹ̀ ni ó kú sí ní 1970, kí ìwé náà tó dé orí àtẹ. A ti mọ ìparí kí a tó ṣí ojú ewé kìn-ín-ní, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ń gbẹ wá bí a ti ń kà á. Ohun tí ó mú wa ni bí òǹkọ̀wé ti pín ìmọ̀. Apànìyàn mọ ohun tí ọlọ́pàá kò mọ̀. Ọlọ́pàá náà wá mọ ohun tí apànìyàn kò tíì fura sí. Àwa tí a ń kàwé mọ díẹ̀ nínú ti àwọn méjèèjì, a kò sì rí ẹni tí a lè pariwo fún. Ẹni tí ó mọ ewu tí kò lè kìlọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

(Forsyth yìí kò ṣàjèjì sí wa. Akọ̀ròyìn ni ó jẹ́ ní Biafra nígbà ogun abẹ́lé wa, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2015 pé òun bá àjọ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kí ó tó máa sọ ọ́. Ọdún 2025 ni ó kú.)

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìtàn amí ni a ń wá, kí ni a fẹ́ lọ rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù? Amí ni Mọrèmi. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn náà: àwọn Ìgbò ń jí ará Ifẹ̀ kó, wọ́n ń fi ewé àti ìmọ̀ ọ̀pẹ bora tí àwọn ará Ifẹ̀ fi rò pé ẹbọra ni wọ́n; Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé láti sọ pé iná ògùṣọ̀ ni ohun tí a ó fi pàdé wọn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó fi san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Bí a ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, orí ẹ̀jẹ́ náà ni a máa ń pẹ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Lójú tèmi, ibi tí ìtàn ti múni jù ni ibi tí a ń fò kọjá ní gbólóhùn kan: àwọn ọjọ́ tí ó lò láàfin ọba náà. Obìnrin kan ń jẹun nínú àwo àwọn ẹni tí ó wá dà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọba fọkàn tán an, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà ti máa fẹ́ràn ẹnìkan níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan bi í ní ìbéèrè kan tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Kí ni yóò fèsì? Ìwé odindi ni èyí, a sì ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa á.

Àwa tí a wà ní Òkìtìpupa tún ní ànfààní kan tí àwọn ẹlòmíràn kò ní. Àwọn Ugbò, aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ lápá gúúsù, ní àwọn gan-an ni Ìgbò inú ìtàn yẹn. Ìrísí orúkọ náà kò ta ko wọ́n: Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwa ní ìhà ibí ń fi í bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ère ńlá Mọrèmi ró ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2016, kò pẹ́ tí ohùn àtakò fi dún láti Ugbò. Akọni obìnrin ni ní Ifẹ̀. Lọ́hùn-ún, àlejò tí ó jẹ oúnjẹ ọba tí ó sì ta ọba ni. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ará Ugbò ni ìyá ìyàwó mi, mo sì fẹ́ràn oúnjẹ alẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí John le Carré, ẹni tí òun náà ti ṣe iṣẹ́ amí rí, sọ di olókìkí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1963, The Spy Who Came in from the Cold, nìyí gẹ́lẹ́: amí kan náà, akọni níhìn-ín, ọ̀dàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ èwo ni òun jẹ́ mọ́. Ìrìn àjò kúkúrú ni ó wà láàárín Òkìtìpupa àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà láti apá kejì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò wí pé ìtàn ẹnu nìyẹn, pé ìwé ni àwọn ń sọ. Ó dára. Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Ní 1971, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ni ó ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn nínú wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ìbọn lọ. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a gùn ju sísá eré rẹ̀ lọ. N kò bínú sí i. Ní 1971 kan náà ni Kọ́lá Akínlàdé gbé Ta Ló Pa Ọmọọba? jáde, ó sì tún kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ní 1974, Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀, ọmọ Àkúrẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Fella’s Choice, níbi tí amí Nàìjíríà kan ti ń bá àwọn amí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fà á. Ẹ ka àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. Òkédìjí ti ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá kí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ tó kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kò lè ru irú ẹrù yìí, ó ti pẹ́ ju àádọ́ta ọdún lọ kí ó tó dé ibi ìjíròrò.

Àkọlé Akínlàdé yẹn nìkan tó iṣẹ́ kíláàsì kan. “Ta ló pa ọmọọba?” kò béèrè bóyá wọ́n pa á, ó ti gbà pé a pa á, pé ẹnìkan wà tí ó pa á, ó wá fi “ló” tọ́ka sí àlàfo tí ó kù. Kí a tó ṣí ìwé, a ti di aṣèwádìí. Àlọ́ àpamọ̀ ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́, àlọ́ tí ó gùn tó igba ojú ewé. Òfin méjèèjì sì jọra: apàlọ́ kò gbọdọ̀ purọ́, ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè lu orí ara rẹ̀ pé òun rí i tí òun kò rí i.

Ohun kan ń ṣe àwọn ìwé wa ní ìpalára, kò sì kan èdè. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ọjà tí ó tóbi jù tí ìwé Yorùbá ní, olùṣètò ìdánwò sì fẹ́ràn láti béèrè pé, “Ẹ̀kọ́ wo ni o rí kọ́?” Nítorí ìbéèrè yìí, òǹkọ̀wé mìíràn kì í ní sùúrù pẹ̀lú ọ̀daràn rẹ̀. Láti ojú ewé kẹwàá ni a ti mọ ẹni burúkú, nítorí pé ó ń mu sìgá, kì í kí àgbà, ó sì ń tẹ́tẹ́. Ọ̀daràn tí ó ń kí àgbà, tí ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aládùúgbò, tí ó ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. James Hadley Chase tí a ń kà lábẹ́ tábìlì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ọdún 1990 kò kọ́ wa ní ìwà rere kankan, ó sì dùn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gbẹ́ni náà. Àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro ni ó fi ń kọ ìtàn nípa Amẹ́ríkà. Ó kọ nípa ibi tí kò gbé. Àwa tí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá hùwà ibi ní Òkìtìpupa lè gba Òrè bọ́ sí títì Èkó àti Bìní, tàbí kí ó gba Igbókọ̀dá wọ inú omi kí ó sì pòórá, àwa ni a ń bẹ̀rù láti kọ.

Ó wá ku èdè fúnra rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ mi wà. Bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé bá jẹ́ pípín ìmọ̀, èdè tí ó mọ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́ ni ó yẹ ẹ́ jù. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni apànìyàn, ìyà ni yóò jẹ ẹ́, nítorí pé arọ́pò-orúkọ èdè rẹ̀ yóò tú u fó. Tiwa ń kọ́? “Ó wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó ti òkú náà.” Ta ni? Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìdáhùn. Olóògbé kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Àbúrò mi ni kí ẹ fún ní ilé náà.” Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọmọ ìyá rẹ̀, àbí ẹni tí ó kàn kéré sí i ládùúgbò? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi ọmọ ọ̀dọ̀ pé ta ni ó jáde kẹ́yìn, ó ní, “Wọ́n ti jáde láàárọ̀.” Àgbà kan ni, àbí ènìyàn mẹ́wàá?

Ẹ fi àmì ohùn tí a kì í kọ sórí fóònù kún un. Ẹnìkan rí iṣẹ́ kan lórí fóònù olóògbé: “Oko ti de.” Ọkọ ni ó dé ni, àbí ọkọ̀? Ẹ̀mí ènìyàn lè wà lórí àmì kan. Àwọn baba wa sì ti ń fi irú eré yìí ṣe iṣẹ́ gidi: nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí, nítorí “fà” inú ẹ̀fà, mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọ́n jọ, nítorí “jọ” inú ẹ̀jọ. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan yóò rí owó lásán.

Ẹ̀ka-èdè wa tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Ìkálẹ̀ wà, arọ́pò-orúkọ ẹnìkejì ọ̀pọ̀ àti ti ẹnìkẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ pé “àn án wá” lè máa sọ pé “ẹ wá”, ó sì lè máa sọ pé “wọ́n wá”. Ẹ fojú inú wo àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọlọ́pàá tí ó ń ṣe ìwádìí. Ìyá arúgbó kan tí kò gbọ́ ju ẹ̀ka-èdè wa lọ ni ẹlẹ́rìí. Ọmọkùnrin kan láti ìlú ni ògbufọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúró tì í. Ọlọ́pàá béèrè pé kí ni màmá rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà gbé ojú sókè, ó wo ògbufọ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Àn án wá.” Ògbufọ̀ kò purọ́. Ó yíjú sí ọlọ́pàá, ó ní, “Màmá ní wọ́n wá.” Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá béèrè pé, “Àwọn wo?”