Gìtá Oníná: Orúkọ Kọ́ Ló Ń Dún

Ẹ wo àwọn ọmọ olórin tó bá lọ ra gìtá oníná, èyí tó ń dán ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Orúkọ ni wọ́n ń rà.

Ohun tó ń gbé dídún okùn lọ sínú ẹ̀rọ ni pickup, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n we wáyà tín-ín-rín mọ́. Mẹ́ta ló wà lára Fender Stratocaster tó jáde lọ́dún 1954, ìdì wáyà kọ̀ọ̀kan ló sì wà lára wọn. Ohùn ẹ̀ máa ń já geere, ó dáa fún jùjú, níbi tí gìtá mẹ́ta mẹ́rin ti ń bá ara wọn fọ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé ó ń kùn. Ẹ gbé e sún mọ́ tiransifọ́mà, hùn-ùn-ùn ló kù! Irú ariwo yìí ló jẹ́ kí Gibson gbé oníìdì méjì sórí Les Paul lọ́dún 1957: ariwo tí ìdì kìíní bá gbé wọlé, ìkejì á pa á. Ohùn tiẹ̀ ki jùyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì lè pààrọ̀ pickup. Ọwọ́ ńkọ́, ta ló fẹ́ bá yín pààrọ̀ ẹ̀? Bí ọrùn gìtá bá sanra ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí àríyá tó di ìdájí, àtàǹpàkò á ti máa ké. Okùn Fender gùn tó íǹṣì 25.5, ti Gibson jẹ́ 24.75, ìyẹn ló ṣe ń le díẹ̀ sí i lábẹ́ ìka. Ẹ tún fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà. Bí àwọn irin wẹ́wẹ́ ibẹ̀ bá ń họ ọwọ́, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ọlọ́jà tí kò bá jẹ́ kí ẹ ta á fún ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.