Ta Ló Lọ Kọ́là Yẹn?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, inú ọrùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ wà: Arrow, Van Heusen, Brooks Brothers. Orúkọ òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ṣẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó rán an, ẹni tó fọ̀ ọ́ àti ẹni tó lọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n ní ní 1827, ìyàwó ilé kan, Hannah Lord Montague, gé kọ́là kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kó lè máa fọ kọ́là nìkan, nítorí òun ló ń tètè dọ̀tí. Ọgbọ́n yìí di òwò ńlá, títí wọ́n fi ń pe Troy ní Ìlú Kọ́là. Ṣùgbọ́n kọ́là tuntun kò lè dé ọjà láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi sítáàṣì sí i, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Ireland, ló ń ṣe é nínú ooru, wákàtí 12 sí 14 lójúmọ́, fún owó tí kò tó nǹkan.

Ní oṣù Fẹ́búárì 1864, Kate Mullany, ọmọ nǹkan bí ọdún 19, kó àwọn bí 300 jọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alágbàfọ̀ kọ́là sílẹ̀, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọ̀gá fi fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ní 1866, nígbà tí àwọn ọkùnrin tí ń yọ́ irin ní Troy wà nínú ìjà tiwọn, àwọn alágbàfọ̀ yìí fi dọ́là 1,000 ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní 1869 ni nǹkan yí padà. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ kọ́là àti àwọn tó ni ilé ìfọṣọ fohùn ṣọ̀kan: ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ ni yóò rí àfikún owó. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú. Owó tí wọ́n fi ya ẹnì kan kúrò lára ẹnì kejì ni wọ́n fi borí gbogbo wọn.

Láti 1905, àwòrán arẹwà ọkùnrin tí J. C. Leyendecker ń yà fún ìpolówó kọ́là Arrow di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ilé tí Kate gbé kò di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè títí di 1998.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní 2020, gbèsè wọ Brooks Brothers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1818 lọ́rùn. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn ní Garland, North Carolina. Síbẹ̀ orúkọ náà rí ẹni rà á. Ní 2021, Authentic Brands Group ra orúkọ Arrow àti Van Heusen pẹ̀lú. Orúkọ ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti òmíràn. Ẹni tó ń ránṣọ ló ń lọ sílé.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá pe ẹnì kan nínú wa sí kọ̀rọ̀, tó ní òun yóò fi owó kún owó rẹ̀ bó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kó rántí Troy. Kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé. Ẹ máa san owó ẹgbẹ́ lásìkò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.