Iyanrìn, Omi àti Agbọ̀n: Eré Ọwọ́ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ìyá ọmọ máa ń mú tọ̀ wá wá lemọ́lemọ́, tí a sì ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó. Wọn a ní ọmọ àwọn kò jẹ́ kí ilé tòrò. Ó ti ọwọ́ bọ inú gàrí, ó sì dà á sílẹ̀. Ó rí igbá omi, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ó rí ẹ̀kọ tútù, ó sì fi kun ara rẹ̀ àti ara ògiri. Wọ́n nà án lánàá, lónìí ó tún padà sí ìdí rẹ̀. Wọn a wá béèrè pé, irú ọmọ wo ni èyí? Èsì tí a fẹ́ fún wọn lọ́sẹ̀ yìí ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni.

Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò ní ìwé mìíràn tí yóò kà bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, imú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé omi tutù, pé òkúta wúwo, pé ìyẹ́ adìẹ fúyẹ́, ariwo lásán ni létí rẹ̀ títí yóò fi fọwọ́ kàn wọ́n. Nítorí èyí náà ni ọmọ ìrákòrò ṣe ń kó ohun gbogbo sẹ́nu, nítorí pé ahọ́n àti orí ìka wà lára ibi tí ènìyàn fi ń mọ nǹkan lára jù lọ. Nígbà tí ó bá ń da omi láti inú ife kan sínú èkejì, tí ó sì ń ṣe é nígbà ogún, ìwádìí ni ó ń ṣe. Ó ń wò ó bí ife kékeré yóò ti kún kí ńlá tó kún, àti ibi tí omi ń gbà lọ nígbà tí ó bá ṣàn kọjá etí ife. Ẹni tí ó bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ni ó nà án sí.

Kì í ṣe ohun titun ni a ń wí. Ní agbo ilé àwọn ìyá wa àgbà, àgbàlá wà, erùpẹ̀ wà, àpáàdì wà. Ewé ni ẹ̀fọ́, amọ̀ ni àmàlà, àwọn ọmọdé a sì se ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan kan fún wọn, ojú àgbà bíi mẹ́wàá sì ń ṣọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó àti ní Ìbàdàn ni ó ń gbé inú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ wọn, sìmẹ́ńtì ni àgbàlá wọn, ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá wà lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá sọkún, a ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé wákàtí kan lójúmọ́ ni ó pọ̀ jù fún ọmọ ọdún méjì títí dé mẹ́rin. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí fóònù; ṣùgbọ́n omi inú àwòrán kì í tutù lọ́wọ́. Ohun tí àgbàlá ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà àtijọ́, àwa òbí ni yóò máa fi ọwọ́ ara wa pèsè rẹ̀ nísinsin yìí.

Àwọn kan yóò wí pé àṣà àwọn òyìnbó olówó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú Róòmù ní 1907, àdúgbò àwọn tálákà ni ó ṣí i sí, ọmọ àwọn lébìrà ni ó sì kó jọ. Ó ń di ojú wọn kí wọ́n fi ọwọ́ mọ aṣọ dáradára yàtọ̀ sí aṣọ líle, ó sì ń fún wọn ní àpótí kéékèèké tí ń dún kí wọ́n fi etí mọ èkejì wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Elinor Goldschmied, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 2009, kọ́ àwọn olùtọ́jú ọmọ láti máa gbé agbọ̀n kan síwájú ọmọ tí ó ti lè jókòó ṣùgbọ́n tí kò tíì rá. Ohun èlò inú ilé ni ó kún inú rẹ̀, kò sì gbà kí a fi ike kankan sí i, nítorí pé bákan náà ni gbogbo ike rí lọ́wọ́, bákan náà ni wọ́n sì rí lẹ́nu.

Agbọ̀n yìí ni a bá fẹ́ kí gbogbo ìyá kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wá agbọ̀n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ọmọ kò sì ní tètè dojú rẹ̀ dé. Ẹ kó ṣíbí onígi sínú rẹ̀, àti orógùn kékeré, ife irin, ìdérí ìkòkò, igbá kékeré tí a ti fọ̀ mọ́, odindi ọsàn mímu, ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, òòyà onígi tí eyín rẹ̀ kò mú, àjákù aṣọ òfì, àti ti àrán bí ó bá wà. Ẹ wo bí ọmọ yóò ti mú ife irin náà, tí yóò fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òtútù rẹ̀ yóò yà á lẹ́nu, tí yóò sì tún fi kàn án. Kí ìyá jókòó nítòsí kí ó sì pa ẹnu mọ́. Èyí ni ó ṣòro fún wa jù, nítorí a fẹ́ràn láti máa wí pé, “Bẹ́ẹ̀ kọ́, báyìí ni wọ́n ń ṣe é.” Ọmọ náà kò bèèrè. Bí ó bá fi ìdérí ìkòkò ṣe ilù, ilù ni ní ọjọ́ náà.

Òfin kan wà nídìí agbọ̀n yìí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ohunkóhun tí kò bá tóbi tó ẹyin adìẹ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí pé ó lè há a ní ọ̀fun. Ẹ̀wà àti àgbàdo a máa wọ imú àti etí. Bí omi bá sì kàn wọ́n níbẹ̀, wọn a wú. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fi igi tàbí abẹ́rẹ́ wá a jáde, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ lọ. Àwọn èso kan sì wà tí ó dára lójú tí wọ́n jẹ́ májèlé gidi: ojú ológbò pupa tí ó ní àmì dúdú, lápálápá, àti làrà. Kí wọ́n má ṣe wọ inú agbọ̀n, kí wọ́n má sì wà nílẹ̀ níbi tí ọmọ ń rá.

Eré omi ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì léwu jù. Ọpọ́n kan, ife méjì, asẹ́, àti àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò, ó tó. Ọmọ ọdún méjì yóò wà nídìí rẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Kí ó bọ́ aṣọ, kí ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ ọpọ́n, kí ọ̀rọ̀ aṣọ tútù má bàa dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí kò jìn ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ lè pa ọmọ, kì í sì í pariwo nígbà tí ó bá ń kú lọ nínú rẹ̀. Orí ọmọ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí ó bá tẹ̀ sínú koroba, kò ní lè gbé ara rẹ̀ dìde. Nítorí náà, bí a bá kan ilẹ̀kùn, tí ìkòkò bá ń hó dànù, tí fóònù bá dún, kí ìyá gbé ọmọ dání lọ dá a lóhùn. Kí ó má ṣe fi ọmọ ọdún mẹ́fà ṣọ́ ọmọ ọdún méjì nídìí omi. Nígbà tí eré bá sì parí, kí a da omi náà nù lójú ẹsẹ̀.

Ní ti iyanrìn, iyanrìn odò ni kí ẹ wá, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ sì sá a sí oòrùn kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Kí a máa fi nǹkan bo ọpọ́n rẹ̀ lóru, nítorí ológbò àti adìẹ. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu erùpẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe, tàbí lẹ́bàá ilé alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ irin. Òjé wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìṣe ariwo. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé, nǹkan bí 400 ọmọdé ni òjé inú erùpẹ̀ náà pa. Bí iyanrìn bá mọ́, ẹ rin ín díẹ̀ kí ó lè dì mọ́ra, kí ẹ sì fún ọmọ ní agolo àti àpáàdì tí etí rẹ̀ ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọjà sílẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ iye tí ó ń ta àmàlà.

Bí a bá dé orí ìyẹ̀fun, a mọ̀ pé àwọn bàbá yóò gbójú sókè. Oúnjẹ wọ́n, ta ni yóò fi ṣeré? Ọ̀rọ̀ náà bá òtítọ́ mu, a kò sì rọ ilé tí kò jẹun yó pé kí ó fi oúnjẹ ṣe amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ àárọ̀ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì ti di jẹlẹ, dídànù ni ìbá dà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ, kí ọmọ fi ìka ya ohun tí ó wù ú sí i, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, kí ó sì tún yà á. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ara irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti rí oúnjẹ jẹ. Omi ìṣápá pupa yóò kùn ún ní àwọ̀ pupa, ata ilẹ̀ pupa yóò sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀fọ́ gígún yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Kò sì sí èyí tí yóò pa ọmọ lára bí ó bá lá a, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ funfun kò ní dúpẹ́. Fún ọmọ tí ó ti lé ní ọdún mẹ́ta, ẹ lè po ife ìyẹ̀fun méjì mọ́ ife iyọ̀ kan, kí ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣeé mọ bí amọ̀. Èyí kì í ṣe fún ọmọ tí ó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, nítorí iyọ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè mú un ṣàìsàn gan-an.

Àwọn ọmọ kan wà tí ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kò bá lára mu, tí wọ́n ń sọkún bí ẹ̀kọ bá kàn wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá tẹ ọwọ́ wọn bọ̀ ọ́. Ẹ fún wọn ní ṣíbí.

Eré imú dára ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó. Ẹ di ewé efinrin, ewé tíì, èèpo ọsàn, atalẹ̀ àti irú sínú aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọmọ ọdún mẹ́rin pa ojú dé kí ó sì dárúkọ wọn. Ata kò sí nínú eré yìí. Káfúrà tí a ń fi sínú àpótí aṣọ kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Májèlé ni, ó sì burú jù fún àwọn ọmọ kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gbà á, irú èyí tí ó pọ̀ láàárín wa.

Ó ku eré etí. Ẹ bu iyanrìn sínú ìgò ike méjì, àgbàdo sínú méjì, òkúta wẹ́wẹ́ sínú méjì, kí ẹ lẹ ìdérí wọn pa kí ọmọ má lè ṣí i, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ńlá yóò wá èkejì èyí tí ó bá gbọ́. Ọmọ ọwọ́ yóò kàn máa gbọ̀n ọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ìyá ṣe ohun kan sí i. Nígbà tí ọmọ oṣù mẹ́fà bá jókòó tí kò wo ẹ̀yìn, kí ó gbọn ìgò náà jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀tún, lẹ́yìn náà ní òsì. Bí ọmọ kò bá yíjú lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí a bá ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta tí kò sì yíjú rárá, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò etí ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ di ọmọ ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.