Ẹ̀yin Òbí, Iṣẹ́ Yín Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọmọ Sẹ́ńtà JAMB

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní girama, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi. Mi ò ní pọ́n yín lé lónìí. Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde báyìí, ariwo yín a gba àdúgbò kan. Ẹ ó ní ayé ló ń bá ọmọ yín jà. Ẹ ó ní ọmọ ẹni tó mọ èèyàn nìkan ni wọ́n ń mú. Kí lẹ̀yin fúnra yín ṣe láti ọdún mẹ́ta tí ọmọ náà ti wọ SS1? Ẹ sanwó ilé-ìwé, ẹ ranṣọ, ẹ wá káwọ́ gbera.

Ẹ lọ sí sẹ́ńtà ìforúkọsílẹ̀ JAMB lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù ku ọ̀la kó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Èrò á ti kún débi pé wọn ò ní ráàyè mí. Ìyá kan á dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á bi í pé, “Mọ̀mí, kọ́ọ̀sì wo?” Ìyá á ní, “Lọ́yà ni o.” Ọmọkùnrin yẹn á tún béèrè bóyá ọmọ ń ṣe Lítíréṣọ̀. Ìyá á wojú ọmọ, ọmọ á wolẹ̀. Láti SS1 ló ti pa Lítíréṣọ̀ tì, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè nílé. Ìyá á ní, “Ó dáa, ẹ bá a fi èyí tó bá gbà á sí i.” Iṣẹ́ tí ọmọ yóò fi jẹun títí ọjọ́ alẹ́ lẹ ní kí àjèjì fi èyí tó bá gbà á sí! Ojú ò tì yín?

SS1 ni ọ̀nà ti pín, kì í ṣe ẹnu fọ́ọ̀mù. Ìdánwò JAMB kò ju ẹ̀kọ́ mẹ́rin lọ: Èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan, mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kà mu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni. Ẹni tó ń wá Ẹkọnọ́míìsì kò lè sá fún Máàtì. Lẹ́yìn èyí, yunifásítì á tún béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó bá kọ́ọ̀sì náà mu. Gbogbo rẹ̀ wà nínú bùróṣọ̀ JAMB, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní IBASS. Fóònù tí ẹ fi ń wo fídíò dòru, ẹ fi wò ó rí? Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ tún ní ọmọ ti lọ sí lẹ́sìnnì. Lẹ́sìnnì dáa, ṣùgbọ́n ṣé ọmọ náà ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rí? Ìbéèrè 180 ni JAMB ń gbé síwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì péré. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló bọ́ sórí ìkọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó láti fi ṣe ìdánwò náà: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí ọmọ bá yí èrò padà pé òun ò tíì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa wá máọ̀sì kiri. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á ti ná ìṣẹ́jú mẹ́wàá sórí ìbẹ̀rù kó tó dáhùn ìbéèrè kan.

Ní 2025, nínú èsì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ tí kò gba 200 nínú 400. Lóòótọ́, JAMB gbà pé àṣìṣe wáyé ní Èkó àti láwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì pe àwọn ọmọ tó kàn níbẹ̀ padà láti tún ìdánwò náà ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà ni àṣìṣe yẹn kàn. Ẹ má fi í bojú.

Mo wá dé orí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ọmọ kúrò nílé-ìwé rẹ̀ ní SS3, tí ẹ̀ ń mú un lọ ṣe WAEC ní abúlé kan tí ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé “sẹ́ńtà ibẹ̀ máa ń ran ọmọ lọ́wọ́.” Olè lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yín. Láti 1999 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí màgòmágó ìdánwò, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. WAEC lè di èsì mú. Yunifásítì lè lé ọmọ lọ́dún kẹta bí àṣírí bá tú. Kódà bí àṣírí ò tú, ọmọ tí wọ́n kọ ìdáhùn sójú pátákó fún yóò dé kíláàsì yunifásítì, kò ní sí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún un níbẹ̀. Owó tí ẹ kó fún ọ̀gá sẹ́ńtà yẹn ì bá ra ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó kọjá fún odindi kíláàsì.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni JAMB ń lò. Bí ẹ bá ti kọ orúkọ ọmọ ségesège síbẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Àwọn yunifásítì kan kì í wo ẹni tí kò fi àwọn sípò kìíní. Ẹ wádìí kí ẹ tó yàn. Bí èsì WAEC bá dé, ẹ rí i pé ọmọ gbé e sórí JAMB, torí ẹni tí kò ní èsì lórí ẹ̀rọ, wọn ò lè fún un ní àyè. Bí àyè bá sì yọ lórí CAPS, ẹ̀rọ JAMB tí àyè ń gbà jáde, ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á. Àìmọye ọmọ ló wà nílé lónìí, tó jẹ́ pé ibi kékeré yìí ni wọ́n ti ṣubú.

Ẹ jáwọ́ nínú fífi kọ́ọ̀sì dá ara yín lọ́lá pẹ̀lú. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá sí iṣẹ́ iná mànàmáná lè gba pólì lọ, kó gba ND tó mọ́yán lórí, kó sì fi Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ọmọ ṣe JAMB lẹ́ẹ̀marùn-ún torí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní bàbá dókítà.

Lálẹ́ òní, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ pe ọmọ yín jókòó. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kọ́. Ẹ bi í pé ẹ̀kọ́ wo ni yunifásítì ń béèrè fún un, kí ẹ sì bi í pé èwo ló ń le fún un nínú wọn. Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wá a, ẹ tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ, ẹ béèrè. Ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ má gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́.