Iṣẹ́ Òru Òjijì àti Ọmọ Ọlọ́tísìmù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù sábà máa ń fẹ́ kí oúnjẹ àti oorun bọ́ sí àkókò kan náà. Bí ètò bá dàrú, ó lè fi igbe ta. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àìgbọràn. Pàṣán ń dá kún un ni. Ibi tí ó dákẹ́ àti ẹni tí ó mọ̀ dunjú ní ń mú un rọlẹ̀. Ẹni náà gan-an ni ọ̀gá ń gbé sí iṣẹ́ òru láìsọ tẹ́lẹ̀! Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ilé ni ó ń sùn. Kí ẹgbẹ́ béèrè pé kí òbí rẹ̀ máa mọ àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.